Ṣé "ẹ̀bùn àtúnkọ́" ni Ètò Marshall?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá dábàá "ẹ̀bùn àtúnkọ́" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún Ètò Marshall, ìyẹn ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe fún Yúróòpù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là láàárín 1948 sí 1952. Ẹlòmíràn ní "àáró" ló bá a mu. Ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe rìn ká tó sọ ọ́ lórúkọ.

"Àtúnkọ́" ni mo kọ́kọ́ bá jà. Òótọ́ ni pé bọ́ǹbù wó ìlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe síméǹtì ló há Yúróòpù lọ́fun ní 1947. Ọ̀wọ́n dọ́là ni. Ilé ìhunṣọ wà, òṣìṣẹ́ wà, òwú ni kò sí, dọ́là sì ni ẹni tó ń ta òwú fẹ́ gbà. Ìdí nìyí tí oúnjẹ, ajílẹ̀, epo àti òwú fi pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ nínú ọjà tí wọ́n kó wá. Orúkọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ètò náà kò dárúkọ kíkọ́ rárá, bíbọ̀ sípò ló sọ. Ẹ jẹ́ ká fi "àtúnkọ́" sílẹ̀ fún "Reconstruction", ọ̀kan nínú R mẹ́ta tí ìjọba Gowon kéde lẹ́yìn ogun abẹ́lé tiwa ní 1970.

Ẹ má sì sọ ọ́ di "ìmúbọ̀sípò". "Mú" yẹn ń sọ pé ẹlòmíràn ló gbé e dìde. Nígbà tí George Marshall, mínísítà Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Harvard ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1947, ó ní Yúróòpù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Ní oṣù Keje, orílẹ̀-èdè 16 pàdé ní Paris láti ka ohun tí wọ́n ṣaláìní. "Ìbọ̀sípò" ló tó.

Ní ti "àáró", òun náà ṣubú. Àáró ni kí n ro tìrẹ lónìí, kí o ro tèmi lọ́la. Ẹni tí kò bá padà wá ti jẹ gbèsè. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ètò yìí kò ní àdápadà. Ọ̀wẹ̀ ló sún mọ́ ọn: olóko ló ń bẹ ọ̀wẹ̀, olóko ló sì ń bọ́ àwọn tó wá.

Ṣé "ẹ̀bùn" wá ni? Ká ní àgbẹ̀ kan ní Faransé fẹ́ katakata. Ìjọba rẹ̀ á fi í sínú ìwé ohun tó ń fẹ́. ECA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń darí ètò náà, tí Paul Hoffman jẹ́ olórí rẹ̀, á fọwọ́ sí i. Ẹni tó ta katakata á gba dọ́là rẹ̀ láti àpò ìjọba Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ náà á san iye rẹ̀ ní fránkì, fránkì náà kò sì ní kúrò ní Faransé. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó o sí ní báńkì àpapọ̀. Àgbẹ̀ kò gba ẹ̀bùn kankan, ó sanwó rẹ̀ pé. Ìjọba rẹ̀ ni a ta lọ́rẹ.

Ẹ̀gbọ́n pe fránkì yìí, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "counterpart funds", ní "owó ẹlẹgbẹ́". Ẹni tó bá sáré kà á á rò pé owó ẹgbẹ́ ni, irú èyí tí akápò ń gbà. Owó tó dúró dípò ọjà ni: "owó adípò-ọjà". Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń mú fún ìnáwó tirẹ̀ (ẹ wo oúnjẹ ọ̀wẹ̀!). Ìyókù jẹ́ ti orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n kò lè ná an láìjẹ́ pé Amẹ́ríkà gbà.

Níná an ló le. Bí ìjọba bá tú u síta nígbà tí ọjà kò tíì pọ̀, gbogbo nǹkan á gbówó lórí. Bó bá há a mọ́lẹ̀, owó á dín nígboro, ọjà á sì rọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ pa gbèsè ìjọba rẹ́. Faransé ná tirẹ̀ sórí èédú, iná mànàmáná àti rélùwéè lábẹ́ ètò ìsọdọ̀tun ọrọ̀ ajé tí Jean Monnet gbé kalẹ̀ fún ìjọba ibẹ̀. Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ń yá tirẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ nípasẹ̀ báńkì KfW tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Èyí tó bá padà wọlé, ẹlòmíràn á tún yá a. Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyẹn ní èsúsú o, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó dá owó níbẹ̀.

Mo mọ ibi tí "ọ̀wẹ̀" ti kù díẹ̀. Aláàánú ọ̀wẹ̀ kì í sọ pé ọkọ́ tòun ni kí wọ́n fi ro oko, bẹ́ẹ̀ òfin 1948 ní ó kéré tán ìdajì ọjà tí wọ́n bá rà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba inú ọkọ̀ òkun tó ń ta àsíá Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ n kò rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Ó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá tó ní àdápadà. Gbogbo yín ń kọ "ẹ̀yáwó". Ọjà ló dé etíkun, kì í ṣe owó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni sísan ń bọ̀. Kí ló dé tí a kò fi pè é ní àwìn?