Kí ló ń sọ àkúnya odò di àjálù ní àwọn ìlú tí kò lówó?

Àjọkẹ́ Tísà béèrè pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lórí àkúnya odò, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, nígbà tí àwọn odò ńlá ilẹ̀ Nẹ́dálándì kún dé góńgó, ìjọba ibẹ̀ kó nǹkan bí 250,000 ènìyàn kúrò nílé kí omi tó ká wọn mọ́bẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa, odò kékeré tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ya wọ inú ilé, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 200. Ṣé òjò tiwa ló burú ju tiwọn lọ ni, àbí ohun mìíràn wà níbẹ̀? Kí sì ni agbára wa ká láti ṣe, níwọ̀n bí a kò ti ní irú owó tí wọ́n ní?

Ọmọ Olúyọ̀lé dáhùn pé:

Òjò ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́. Orí òkè ni wọ́n tẹ Ìbàdàn dó sí, ilé sì kún ibẹ̀ tí páànù fi ń kan páànù. Omi tó bọ́ sórí òrùlé àti ojú títì kò ríbi rì sí; àgbàrá ni ó ń dà, gbogbo rẹ̀ a sì forí lé Ògùnpa láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdọ̀tí ni ó ń bá nínú odò náà. Níbi tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò ti lè dé nítorí pé kò sí títì láàárín agboolé, inú odò ni àwọn ènìyàn ń da ilẹ̀ sí, wọn a sì máa retí pé kí àgbàrá bá wọn gbé e lọ. Abẹ́ afárá tóóró ni gbogbo rẹ̀ ń há sí, omi tí kò sì rí abẹ́ afárá gbà a wá ọ̀nà gba inú ilé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ náà rò pé àìgbọ́n ló ń mú ènìyàn kọ́lé sétí odò. Ilẹ̀ Bódìjà wọ́n. Ilẹ̀ àbàtà ni apá tálákà ká, ẹni tó sì ń tà á fún un kì í sọ pé omi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó dùn mí jù ni pé odò yìí kan náà ti kún ya ní 1963 àti ní 1978 kí ti 1980 tó dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ, tí wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Iṣẹ́ náà wúlò, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn odò mìíràn tí ìlú ti fẹ̀ dé ni ó ya, ènìyàn tó lé ní 100 kú, afárá sì wó káàkiri. Ọdún 2014 ni Báǹkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti kápá àkúnya omi ní Ìbàdàn, ọdún 34 lẹ́yìn Ògùnpa.

Ìyá Káyọ̀dé, Lọ́kọ́jà, dáhùn pé:

Omi tiwa níhìn-ín, níbi tí odò Ọya àti Bénúé ti pàdé, kì í dé lójijì bí ti Ògùnpa. Ojú wa báyìí ni ó ń gòkè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àkúnya ọdún 2012 pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ti 2022 pa èyí tó lé ní 600. Dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù, tó máa ń tú omi sínú odò Bénúé, ni wọ́n máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí pé dáàmù Dasin Hausa tó yẹ kó gba omi náà dúró ní Adamawa, a kò tíì kọ́ ọ tán nígbà tí àkúnya 2022 dé. Síbẹ̀, mínísítà ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀ sọ lọ́dún náà pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún omi náà ni òjò tó rọ̀ nílẹ̀ wa.

Ìkìlọ̀ máa ń dé, Àjọkẹ́. Rédíò ń sọ ọ́. Oríkunkun kọ́ ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn kúrò. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni omi ń le jù, ìgbà náà gan-an sì ni ìrẹsì àti iṣu ṣì wà lóko. Ta ni yóò fi iṣẹ́ ọdún kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí kò lówó ọkọ̀, tí kò sì mọ ibi tí yóò sùn? Tí wọ́n bá wá sá dé ìgbẹ̀yìn, ilé-ìwé ni wọ́n ń kó wọn sí, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ a sì dúró. Omi kànga ti pò mọ́ ti ṣáláńgá nígbà náà, àrùn onígbáméjì a tún tẹ̀lé e.

Bàbá Dòtun dáhùn pé:

Ibi tí Ìyá Káyọ̀dé dé yẹn ni mo ti fẹ́ mú un. Ní Bangladesh, níbi tí àkúnya 1998 ti bo nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ wọn, wọ́n dán ohun kan wò ní oṣù keje ọdún 2020. Nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ fi hàn pé odò Brahmaputra ń bọ̀ wá kún, Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé fi owó ránṣẹ́ sí ìdílé tó lé ní 20,000 létí odò náà kí omi tó dé góńgó. Owó náà kò pọ̀, nǹkan bí 4,500 taka, owó ilẹ̀ wọn, fún ìdílé kan, ṣùgbọ́n ó bá wọn lásìkò tí ènìyàn ṣì lè ra oúnjẹ pamọ́, kí ó sì kó ẹran rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ gíga. Ọrọ̀ ìlú nìkan kì í gba ènìyàn là: ní 2021, àkúnya pa ènìyàn tó lé ní 180 ní Jámánì, níbi tí ìkìlọ̀ kò ti dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn lásìkò.

Àjọ ìjọba tó ń wo ọ̀rọ̀ odò ní Nàìjíríà ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún, ó sì ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè ya. Ohun tí mo fẹ́ kí a máa béèrè ni pé kí owó wà nílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dárúkọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀: owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, àti ibi gíga kan tí ènìyàn lè kó ẹran àti irè oko rẹ̀ sí.