Mo fi bàtà gun àgùnfọn ní Dabous

Mẹkáníìkì ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Agadez, ní Niger, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní bí ọdún 2004 tí àwọn òyìnbó kan fi gbà mí pé kí n máa bá wọn tún ọkọ̀ ṣe nínú aṣálẹ̀. Àwòrán tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára àpáta ni wọ́n ní àwọn ń wá. Kí n má purọ́, góòlù ni mo rò pé wọ́n ń wá.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, táyà tó bẹ́ nìkan la rí. Ọ̀sán gangan la fi ń wá a kiri, àṣìṣe wa sì nìyẹn. Bí oòrùn bá wà ní àtàrí, ìlà ara òkúta kì í hàn rárá. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí òjìji tó wọ inú rẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti àpáta kan mu gààrí lọ́sàn-án. Nígbà tí mo padà wá mú ife mi nírọ̀lẹ́, màlúù oníwo gígùn kan ló wà níbi tí mo fẹ̀yìn tì!

Lọ́jọ́ kẹta a dé Dabous, níbi tí àpáta ńlá kan wà nínú aṣálẹ̀ náà. Mo yí àpáta náà po lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí nǹkan kan. Bàbá kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ará Tuareg, ẹ̀yà tó ń gbé inú aṣálẹ̀, ń rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sókè. Orí àpáta ni wọ́n gbẹ́ àwọn àgùnfọn náà sí, ẹni tó wà nílẹ̀ ò lè rí wọn. Ni mo bá sáré gùn ún.

"A hankali!" Ó fi Hausa kígbe pé kí n rọra. Mo wolẹ̀, ẹsẹ̀ àgùnfọn ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, tèmi ti bàtà. Mo bọ́ ọ kíá, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

Méjì ni wọ́n. Èyí tó tóbi jù gùn ju mítà 5 lọ, wọ́n sì gbẹ́ tóótòòtó ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ bá ènìyàn kékeré kan. Bàbá ní okùn ni. Ọ̀gá àwọn òyìnbó ní kò dá òun lójú. Bàbá ni mo gbà gbọ́, ẹni tó ń da ràkúnmí ló mọ okùn. Wọ́n ní ó ti tó ọdún 6,000 ó kéré tán, nígbà tí koríko àti omi ṣì wà ní Sàhárà.

Nítorí irú ẹsẹ̀ mi yìí, tó lè ba àwòrán náà jẹ́, ni wọ́n ṣe wá tẹ bátànì rẹ̀ jáde lọ́dún 1999, tí wọ́n fi dà á ní álúmíníọ̀mù. Ọ̀kan wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Agadez. Àìmọye ìgbà ni mo ti páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo ń dúró de èrò, tí mo rò pé ìpolówó ọjà ni.