Ṣé kí n fi èdè Gíríìkì àtijọ́ kún ẹ̀kọ́ tíátà?

Olùbéèrè, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, tíátà ni mò ń kọ́. Lọ́dún tó kọjá a ṣe The Gods Are Not to Blame, eré tí Ọlá Rótìmí kọ́kọ́ gbé jáde ní Ifẹ̀ níbí lọ́dún 1968. Èmi ni mo ṣe Ojúọlá, olorì inú eré náà. Nígbà tí mo gbọ́ pé inú eré Sophocles, òǹkọ̀wé eré ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n ti mú ìtàn náà, ó wù mí kí n ka tirẹ̀ ní èdè tó fi kọ ọ́. Mo ti mọ lẹ́tà wọn 24 kọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe wọn nira, ẹyọ kan á yí padà títí orí á fi máa fọ́ni. Rìhásà wa kì í sì í tán kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bàbá mi ń bi mí pé lọ́wọ́ ta ni mo fẹ́ fi Gíríìkì nájà ní Odò-Ògbè. Ṣé kí n máa bá a lọ, àbí kí n fi í sílẹ̀ títí máa fi gboyè?

Ìyá kan, Iléṣà: Ọmọ mi, má bá bàbá rẹ jiyàn. Owó ilé-ìwé ni wọ́n ń rò. Máa sọ ohun tí ò ń kọ́ fún wọn. Má kàn jẹ́ kí máàkì rẹ wálẹ̀ o.

Òṣèré kan: Àbúrò, má fi í sílẹ̀. Èdè olóhùn ni Gíríìkì àtijọ́, ohùn òkè àti ohùn ilẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Bíos ni ìgbésí ayé. Gbé ohùn lọ sẹ́yìn, biós, ó di ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Ìwọ tó mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀ láti kékeré, etí rẹ ti ṣí. Lọ́dún 408 ṣáájú ìbí Jésù, òṣèré kan tó ń jẹ́ Hegelochus fẹ́ sọ nínú eré Euripides, òǹkọ̀wé Gíríìkì mìíràn, pé lẹ́yìn ìgbì, òun tún rí omi tó pa rọ́rọ́. Èémí tán mọ́ ọn lẹ́nu, ohùn yí, ó di pé òun rí ẹranko apeku kan. Gbogbo òǹwòran bú sẹ́rìn-ín, àwọn aláwàdà ìgbà náà kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ta ló máa yé ju ọmọ Yorùbá lọ?

Olùkọ́ kan: Mo gbà, àmọ́ rọra. Ṣóyínká kọ́ Gíríìkì n'Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1952, síbẹ̀ nígbà tó ń ṣe The Bacchae, eré Euripides, fún National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1973, ìtumọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ló gbára lé. Eré náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bà jẹ́. Ìlà méjì lójúmọ́ tó. Tí rìhásà bá le, sinmi. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gíríìkì àti Látìn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ bi àwọn olùkọ́ ibẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Lálẹ́ àná mo ka ìbẹ̀rẹ̀ eré Sophocles fún bàbá mi: ō tekna, "ẹ̀yin ọmọ". Wọ́n béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ní ọba ni, àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ìlú, àwọn èèyàn mú ẹ̀ka igi lọ́wọ́, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ni ọba wá wí?" Mo ní ibi tí mo kà dé nìyẹn. Wọ́n ní kí n yáa kà á kó tó di ọjọ́ Àìkú.