Fèrèsé wo ni kí a fi sí ilé bàbá wa ní Bodíjà?

Ẹni tó béèrè:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ yìí. Bàbá wa fi ilé kan sílẹ̀ fún wa ní Bodíjà àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sí Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ náà sì ni Màmá wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń gbé títí di òní. A ti pààrọ̀ páànù, a sì ti tún wáyà iná ṣe. Fèrèsé ló kù. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mẹ́fà tó wà ní pálọ̀ àti yàrá ìjẹun jẹ́ onírin, irú èyí tí a ń tì síta, tó ní gíláàsì kéékèèké. Mẹ́jọ yòókù jẹ́ lúúfà onígíláàsì nínú férémù igi. Ìsàlẹ̀ àwọn onírin ti dógùn-ún, méjì nínú wọn kò ṣeé pa dé mọ́, ikán sì ti jẹ férémù lúúfà méjì ní ẹ̀yìn ilé.

Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní kí a fọ́ gbogbo rẹ̀ dànù, kí a fi sílàídì alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní London ní uPVC, ìyẹn fèrèsé tí wọ́n fi ike líle ṣe férémù rẹ̀, ni gbogbo ilé àdúgbò òun ń lò, ó sì ti ṣe tán láti dá sí owó rẹ̀. Màmá ní tiwọn kò fẹ́ ohunkóhun tí yóò mú ilé gbóná, nítorí iná kì í dúró, ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a ṣe tí a kò fi ní kábàámọ̀?

Ayàwòrán-ilé tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn:
Ẹ kú àníyàn ilé, ẹ sì bá mi kí Màmá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Àwọn tó ń yàwòrán ilé nílẹ̀ wa lásìkò yẹn, bí Maxwell Fry àti Jane Drew tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí Yunifásítì Ìbàdàn tí kò jìnnà sí yín, kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ amúlétutù: wọ́n ṣètò ilé kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kí ó gba òdìkejì jáde, etí òrùlé sì yọ síta kí oòrùn má bàa máa kan ògiri. Fèrèsé tó ń ṣí pátápátá ni ètò náà dúró lé. Bí ihò fèrèsé bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ẹ fi sílàídì alápá méjì sí i, 3 péré ni afẹ́fẹ́ yóò máa rí gbà, nítorí pé apá kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn èkejì nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí i.

Nítorí náà, mi ò bá alumíníọ̀mù jà rárá. Kì í dógùn-ún bí irin, ikán kì í jẹ ẹ́, kò sì wúwo. Sílàídì ni mo kọ̀. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yín ṣe alumíníọ̀mù onílẹ̀kùn tí a ń tì síta, èyí tí wọ́n ń pè ní késímẹ́ǹtì.

Ìyálé kan, Sùúrùlérè:
Ẹ gbọ́ ti bàbá yẹn o, ẹ̀gbọ́n mi. Sílàídì ni àwa fi sí gbogbo ilé wa ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹni tó ṣe é kò lu ihò sí ìsàlẹ̀ ojú irin tí fèrèsé ń rìn lé kí omi lè máa gba ibẹ̀ jáde, gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ni omi ń kún ibẹ̀, tí ó sì ń ṣàn sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. A lu ihò náà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ṣùgbọ́n ooru kò bá omi lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Manchester:
Nípa uPVC tí àbúrò yín dábàá: ohun dáadáa ni níbí, nítorí òtútù. Ike náà kì í jẹ́ kí ooru inú ilé tètè jáde, a sì ń fi gíláàsì onípele méjì sí i. Ẹni tó bá ń ṣí fèrèsé láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè rí àǹfààní yẹn. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣe é fún oòrùn líle, ẹ má sì ra èyí tó dúdú, nítorí ó máa ń gba ooru mọ́ra, ó sì lè tẹ̀.

Wẹ́dà kan, Mọ́kọ́lá:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ fèrèsé onírin mẹ́fà yẹn. Irin gidi ni wọ́n fi ń ṣe wọn nígbà náà. Ẹ mú síkúrù-díréfà, kí ẹ fi gún ìsàlẹ̀ wọn níbi tí ìpáàrà wà. Bí kò bá wọlé, ìta lásán ló bàjẹ́. Bí ó bá wọlé ní ìsàlẹ̀ nìkan, a lè gé ibẹ̀ kúrò, kí a jó irin tuntun mọ́ ọn. Ìpáàrà máa ń wú; òun ló ń ti gíláàsì títí tí yóò fi là, òun ni kì í sì í jẹ́ kí ó ṣeé pa dé.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣé a lè máa ṣe é nígbà tí Màmá wà nínú ilé? Àwọn ọmọ-ọmọ wọn náà ń wá síbẹ̀.

Wẹ́dà kan, Mọ́kọ́lá:
Rárá, sà. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi sánpépà ha á ní gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí a tú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí a fi omi rin ọ̀dà náà kí a tó ha á, kí a sì fi ọ̀dà tí ń dènà ìpáàrà kùn ún kí ó tó padà wálé.

Ayàwòrán-ilé tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn:
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi owó tí ẹ bá rí ṣẹ́kù níbẹ̀ ṣe ti yàrá dáadáa. Ẹ wọn ihò kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, nítorí ihò ilé àtijọ́ kì í dọ́gba, kí wọ́n sì fi téèpù bo alumíníọ̀mù kí sìmẹ́ǹtì tútù má bàa jẹ ojú rẹ̀. Nípa bágúlárì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ó kéré tán nínú yàrá Màmá ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o. Bí ilé bá gbiná, ibẹ̀ ni wọn yóò gbà jáde.

Ẹni tó béèrè:
Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá lálẹ́ àná. Wọ́n ní kí a ṣe ti yàrá tiwọn ṣáájú, késímẹ́ǹtì alumíníọ̀mù pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí àwọn fi sùn fún oṣù kan ná kí a tó fọwọ́ kan lúúfà méje tó kù. Mo fi síkúrù-díréfà gún àwọn onírin láàárọ̀ yìí: kò wọ mẹ́rin rárá, ó wọ méjì ní ìsàlẹ̀. Ọ̀gá wẹ́dà, mo ń bọ̀ ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.