Ṣé lateral ni àtàǹpàkò àbí medial?

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé ní lateral ni àtàǹpàkò wà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ òde. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì láti tẹ kọ̀ǹpútà, àtàǹpàkò ló ń kọjú síra wọn láàárín, ìka kékeré ló bọ́ sóde. Kí ló fà á? Ẹ jọ̀ọ́, abduction àti adduction náà ń dà pọ̀ mọ́ mi lójú.

Olùkọ́ Ẹ̀yà Ara:
Ìwé kò ṣìnà. Kí a tó dárúkọ ẹ̀gbẹ́ kankan, a ó kọ́kọ́ fi ọkàn gbé ara sí ìdúró kan ṣoṣo: ẹni náà nàró, ó kọjú síwájú, apá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú. Ìbáà dùbúlẹ̀, ìbáà jókòó, ìdúró yẹn la fi ń pè é. Fa ìlà láti àárín iwájú orí gba imú àti ìdodo dé àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ohun tó sún mọ́ ọn ni medial, èyí tó jìnnà sí i ni lateral. Dìde báyìí, kọ àtẹ́lẹwọ́ síwájú, àtàǹpàkò á bọ́ sóde.

Pronation, ìyẹn yíyí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀, lo ṣe lórí tábìlì. Eegun méjì ló wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ulna, ti ọ̀dọ̀ ìka kékeré, fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Radius ló ń dábùú gba orí rẹ̀. Bí o bá fẹ́ dán an wò, ká apá títí yóò fi dé 90 dígírì, fún ìgúnpá mọ́ ìhà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èjìká á bá a yí, wàá sì rò pé ọwọ́ nìkan ni.

Atọ́jú Oríkèé:
Látínì ni: ab ni kúrò, ad ni sọ́dọ̀. Gbé apá kúrò lára, abduction nìyẹn. Dá a padà, adduction ni. Lẹ́nu, ohùn wọn jọra jù, nítorí náà pe lẹ́tà rẹ̀ sọ́tọ̀: A, B. Ọ̀rọ̀ ìka yàtọ̀ o. Ìlà àárín ara kọ́ la fi ń wọ̀n wọ́n. Ní ọwọ́, ìka àárín ni, ní ẹsẹ̀, ìka kejì ni.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù:
Mo fi èyí kún un: ọ̀tún aláìsàn ni ọ̀tún, kì í ṣe tìrẹ tí o dúró kọjú sí i. Nínú fáìlì, má kọ "egbò wà nísàlẹ̀ ọwọ́" lásán. Kọ ọ́ pé: apá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ lateral, sẹ̀ǹtímítà 4 ní distal sí ìgúnpá (ìyẹn láti ìgúnpá lọ sí ìhà ọrùn ọwọ́). Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lálẹ́ kò ní tún máa wá a kiri.