Ṣé lílù ọkàn àìtásìkò láti yàrá ìsàlẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ SA node (ibi tí iná tó ń mú ọkàn lù ti ń bẹ̀rẹ̀, ní yàrá òkè)?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ìlera, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, ìwé ECG (àkọsílẹ̀ iná inú ọkàn) kan tí wọ́n fi ń kọ́ wa ló rú mi lójú.

Wọ́n ní bí lílù àìtásìkò bá ti yàrá òkè wá, ó sábà máa ń wọ inú SA node, á sì mú kí ó bẹ̀rẹ̀ òǹkà rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yàrá ìsàlẹ̀ wá, òǹkà náà kì í sábà yẹ̀, tí àlàfo láti lílù tó ṣáájú rẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e á fi jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀.

Lórí ìwé yìí, àpótí kéékèèké 20 ló wà láàárín lílù kan sí èkejì. Lílù àìtásìkò náà fẹ̀, kò sì sí ìgbì P (àmì iná yàrá òkè) níwájú rẹ̀, síbẹ̀ 35 ni mo kà fún àlàfo náà dípò 40. Mo fi kọ́ńpáàsì wọ̀n ọ́n, mo tún fi etí bébà wọ̀n ọ́n (ọwọ́ mi kì í gbọ̀n o), bákan náà ni. Mo wò ó bóyá ìgbì P fara pamọ́ sínú ìgbì T (àmì ìgbà tí yàrá ìsàlẹ̀ ń padà bọ̀ sípò) tó ṣáájú, n kò rí i.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé iná láti yàrá ìsàlẹ̀ lè gòkè padà débi tí yóò fi yí òǹkà SA node padà? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.