Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ẹgbẹ́ gun òkè rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ_Mọ́kọlá
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló fà mí wọ gúrúùpù WhatsApp kan, àwọn tó máa ń lọ gun òkè tí wọ́n tún máa ń lọ wo omi tó ń dà látorí àpáta, lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní fọ́lọntíà ni gbogbo àwọn tó ń darí, kò sẹ́ni tó ń gbowó iṣẹ́, owó mọ́tò àti owó géètì nìkan la ó dá. Ìdànrè ni wọ́n ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Èmi ò sì gun nǹkan kan rí ju Láyípo tó wà l'Ókè Ààrẹ lọ. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kó tó tẹ̀ lé wọn? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí o.

Ìyá_Ìbejì_Sánngó
Lọ. Gbé omi dání.

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè
Ẹ káàbọ̀ sílé wa ṣíwájú kẹ́ ẹ tó dé. Àtẹ̀gùn 682, ibi ìsinmi márùn-ún, ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ máa sọ ọ́ di mẹ́wàá 😂. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, àtẹ̀gùn yẹn kọ́ ni wàhálà, irin wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè dì mú. Tẹ́ ẹ bá gùn ún tán lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ìlú ni ẹ máa bá lókè, ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ibẹ̀ làwọn bàbá wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní 1923. Láti ibẹ̀ lọ, orí àpáta lásán lẹ ó máa rìn, tí òjò bá fi lè kan àpáta yẹn, á máa yọ̀ bí ẹní da ọṣẹ sí i. Ẹ bi àwọn gúrúùpù yín léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe tí òjò bá ṣú. Tí wọ́n bá ní "àwá ò bẹ̀rù òjò", ẹ jókòó sílé yín.

Káfíńtà_Àgbà
682, ta ló kà á? Èmi kà á, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè
Ibi ìsinmi kejì lẹ ti gbàgbé nọ́ńbà, ẹ ò kàn fẹ́ sọ ni.

Káfíńtà_Àgbà
Ẹni tó ń fi ìwọ̀n jẹun ni ò mọ òǹkà? Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀.

Àdùnní_Ọ̀ṣun
Ẹ fi àtẹ̀gùn sílẹ̀ ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà la lọ, omi Olúmirin. Ìwó Róòdù la ti pàdé láàárọ̀ kùtù, bọ́ọ̀sì kún, kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì, ọ̀gá tó kó wa lọ dáa lẹ́nu, ó ń ṣàwàdà, orin ń dún, mo ní háà mo ti rí ẹgbẹ́ tèmi. A dé ọ̀hún, ṣé ẹ mọ̀ pé omi yẹn pín sí ìpele méje, ìpele àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé ti máa ń wẹ̀ tí wọ́n máa ń ya fọ́tò, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ìkejì kò sí ọ̀nà gidi mọ́, gbòǹgbò igi lẹ ó máa dì mú gòkè. Ọ̀gá ní ẹni tó bá wù kó máa gòkè, ẹni tó bá wù kó dúró, ká pàdé nídìí mọ́tò ní aago mẹ́ta. Bó ṣe túká nìyẹn. Aago mẹ́ta lù, aago mẹ́rin lù, dírẹ́bà ti ń fọn fèrè mọ́tò, lẹnì kan bá ní ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun dà. Ta ni ọmọbìnrin náà? A ò mọ orúkọ ẹ̀! "Ẹni tó dé fìlà pupa" là ń wí kiri. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí, nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí gúrúùpù lóòótọ́ ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Àwọn ọmọ abúlé méjì ló gbé e sọ̀kalẹ̀ wá nígbà tó yá, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú, òun nìkan ló jókòó lókè lọ́hùn-ún tó ń pariwo, omi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan nínú mọ́tò wá sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá yẹn, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Fọ́lọntíà ni mí, mi ò kì í ṣe bàbá ẹ̀."

Ìyá_Ìbejì_Sánngó
Kí ló wí????

Délé_Onírìn
Mi ò kì í ṣe bàbá ẹ̀ ló jáde lẹ́nu àgbàlagbà. Inú ń bí mi láti ibi tí mo jókòó sí.

Aláṣọ_Òfì
Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn wà nínú mọ́tò, ọ̀gá náà ni ì bá wá máa wá fìlà tiẹ̀.

Mo_Ń_Bọ̀_Lọ́nà
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ńkọ́? Àgbàlagbà lòun náà. Ta ló ní kó dá gòkè? Gbogbo ẹ̀bi kọ́ lẹ ó kó sórí ẹni tó ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́.

Àdùnní_Ọ̀ṣun
@Mo_Ń_Bọ̀_Lọ́nà kò dá gòkè, àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ lọ, àwọn mẹ́ta padà, oníkálukú rò pé ó ti bá ẹlòmíì sọ̀kalẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ka èèyàn nìyẹn. Àní owó ni wọ́n kà nínú mọ́tò láàárọ̀, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ka orí.

Délé_Onírìn
"Wọ́n ka owó, wọn ò ka orí." Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Asíwájú_Ọ̀nà_Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń darí sọ̀rọ̀ díẹ̀, kó má lọ dà bíi pé olè ni gbogbo wa. Ohun tí ọ̀gá yẹn sọ kò dáa, mi ò gbè é. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tójú àwa náà ń rí. Ẹ kọ ọ́ sí gúrúùpù pé kánfáàsì tó ní ìdí gidi ni kí wọ́n wọ̀, ẹnì kan á wọ sílípáàsì, ẹnì kan á wọ bàtà gogoro, á ní torí fọ́tò ni. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ orin tó tó àpótí wá. Ẹnì kan ní ikọ́ fée, kò sọ fún wa, ìdajì òkè ló ti ń wá èémí, ìnhélà ẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, tẹ́ni tó fẹ́ bá wa lọ kò bá kọ àìsàn tó ní àti nọ́ńbà ẹni tá a lè pè nílé rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, kò wọ mọ́tò wa. Ẹnì kan tó mọ ọ̀nà máa ń wà níwájú, ẹnì kan á wà lẹ́yìn pátápátá, ẹni ẹ̀yìn yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun, bó bá rẹ ẹni tó kẹ́yìn, ó ti rẹ gbogbo wa nìyẹn, a ó dúró. A máa ń ka èèyàn níbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan. A sì máa ń mú aago kan pé, ibi yòówù ká dé tó bá lù, a ó padà, bó ṣẹ́ ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ká dé òkè. Ìyẹn ni wọ́n máa ń bá wa jà lé lórí jù.

Káfíńtà_Àgbà
Abẹ́òkúta kẹ̀. Ṣé Olúmọ tó ní lífíìtì lẹ ń pè ní òkè? 😂😂

Asíwájú_Ọ̀nà_Abẹ́òkúta
Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti bá lífíìtì yẹn lọ́jọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ wá jẹ́rìí níbí.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Pọ́ńbélé
Ẹ má fi Olúmọ ṣeré o, àpáta tó gba àwọn baba ńlá wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun. A ò bú àpáta yín.

Aláṣọ_Òfì
Ẹ jẹ́ n dáná ẹ̀rín díẹ̀. Mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ lọ sórí òkè lọ́jọ́ Sátidé. Inú wọn dùn débi pé wọ́n sunkún. Wọ́n fi orúkọ gbogbo ẹbí ránṣẹ́ kí n fi gbàdúrà, wọ́n ní ti àbúrò mi tó ń wá iṣẹ́ ni kí n fi ṣáájú, wọ́n bi mí bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mo ní màmi, háíkìn ni. Wọ́n ní wòlíì wo ni Háíkìn.

Ìyá_Ìbejì_Sánngó
WÒLÍÌ HÁÍKÌN 🤣🤣🤣 mo kú

Délé_Onírìn
Wòlíì Háíkìn, ẹ rántí àbúrò wa o, ó ń wá iṣẹ́.

Ọmọ_Mọ́kọlá
Ẹ ṣé gan-an ni. Ejò ńkọ́ o? Ìyẹn ni ìyàwó mi ń bi mí.

Baba_Ọlọ́dẹ
Ejò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ mú okùn dání àti abẹ. Bó bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi okùn so òkè ibẹ̀ pinpin, ẹ fi abẹ sín in, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, ẹ wá gbé òkúta dúdú lé e. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má so ó, ẹ má sín in, ẹ má fẹnu fà á. Okùn tẹ́ ẹ bá so pinpin ló máa ń pa ẹsẹ̀ mìíràn, kì í ṣe oró ejò. Ẹ jẹ́ kẹ́ni náà fara balẹ̀, kó má rìn, ẹ gbé e, ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà tó bá wà lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú, kẹ́ ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Ibẹ̀ ni kókó wà, gbogbo ọsibítù kọ́ ló ní in. Ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti pe ọsibítù tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ń lọ ṣíwájú ọjọ́ náà, á ti bi wọ́n bóyá ó wà nílẹ̀.

Baba_Ọlọ́dẹ
Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fojú mi rí àwọn tí òkúta dúdú wò sàn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ rí wọn lóòótọ́ sà. Ejò tí ò ní oró pọ̀ nínú igbó, èyí tó tún ní in, nígbà míì ó lè bu èèyàn jẹ kó má tu oró sára ẹ̀. Irú àwọn yẹn, bẹ́ ẹ bá gbé búrẹ́dì lé ojú ẹ̀, wọ́n á yè.

Délé_Onírìn
Òkúta dúdú ti di búrẹ́dì 🤣

Baba_Ọlọ́dẹ
Ẹ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sọnù sínú igbó, àwa ọdẹ náà lẹ ó wá pè.

Ọmọ_Yorùbá_Manchester
Òótọ́ ni Bàbá sọ níbẹ̀ yẹn o. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn fọ́lọntíà ló ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ yẹn, Mountain Rescue, àwọn tó níṣẹ́ tiwọn ní ọ́fíìsì, tí wọ́n á dìde lóru lọ gbé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí látorí òkè, wọn kì í gba kọ́bọ̀. 999 lẹ ó pè, ẹ ó béèrè ọlọ́pàá, ẹ ó wá ní Mountain Rescue lẹ fẹ́. Èmi àti àwọn ọmọ Nàìjíríà kan la jọ máa ń rìn ní Peak District, agbègbè olókè tó wà nítòsí Manchester, Kinder Scout la sábà máa ń gùn, mítà 636, ẹ̀yin ará Ìdànrè lè pè é ní òkìtì. Wàhálà ibẹ̀ ni kùrukùru àti òtútù. Ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú. Arábìnrin tó ń darí wa ò ga, ohùn ẹ̀ ò le, àmọ́ ó wo ìyá ńlá ọkùnrin kan tó wọ jíìnsì wá láìní ẹ̀wù òjò, ó ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, lónìí ẹ dúró ti mọ́tò. Ọkùnrin yẹn bínú, ó ní òun ti wakọ̀ wákàtí kan wá. Arábìnrin náà ní ẹ kú ọ̀nà sà. Mo ní ẹni tí mo lè tẹ̀ lé rèé. Fèrè kékeré náà wà lọ́rùn kálukú wa, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ ó fọn ọn láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ó dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ ó tún fọn ọn. Ọmọ Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà yẹn ì bá ti ní fèrè, bóyá wọn ì bá tètè gbọ́.

Mo_Ń_Bọ̀_Lọ́nà
Ìlú òyìnbó nìyẹn. Níbí ta lẹ fẹ́ pè?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
112 wà.

Mo_Ń_Bọ̀_Lọ́nà
Pẹ̀lú nẹ́tíwọ̀kì wo?

Ará_Ìsẹ́yìn
Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ kí onílé kẹ́ ẹ tó wọlé nìyẹn. Òkè Adó-Àwáyè la lọ, ẹgbẹ́ yẹn kọ́kọ́ yà lọ kí àwọn àgbà ìlú, wọ́n mú amọ̀nà ọmọ ibẹ̀. Adágún kan wà lórí òkè yẹn o, omi lórí àpáta, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, pé gbogbo ìyẹn ìtàn àlọ́ ni. Amọ̀nà ò bá a jiyàn, ó kàn ní tóo bá wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé ẹ. Ó bọ bàtà padà sẹ́sẹ̀ 😅

Délé_Onírìn
Ṣé ibẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run? Èmi ti gbọ́ orúkọ yẹn, mo ti padà sílé.

Ará_Ìsẹ́yìn
Ibẹ̀ ni. Ọ̀nà tóóró ni, ẹ máa wo ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀, kò sí selfie.

Mo_Ń_Bọ̀_Lọ́nà
Owó tí wọ́n fún amọ̀nà àti àwọn àgbà ìlú, ta ló san án? Torí fọ́lọntíà míì, owó orí èèyàn kan tó san mọ́tò lọ bọ̀ pẹ̀lú ìyókù tó dúró sápò. Èmi ò ní wọ mọ́tò ẹni tí kò bá fi ìṣirò hàn.

Asíwájú_Ọ̀nà_Abẹ́òkúta
Èyí, mo fara mọ́ ọn. Tiwa máa ń wà lórí gúrúùpù kílẹ̀ tó ṣú: mọ́tò, géètì, amọ̀nà, omi. Tó bá ṣẹ́ kù, a ó fi ra bándéèjì.

Ọmọ_Mọ́kọlá
Mo bi admin wọn ní ibi tí ọsibítù wà àti ẹni tó ń wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ní "bọ̀ọ̀dá, ẹ máa gbádùn ara yín, ẹ ti ń ronú jù." Ó wá fi sítíkà ijó ránṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Sánngó
Jáde níbẹ̀.

Àdùnní_Ọ̀ṣun
Jáde kíákíá.

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè
Ẹ máa bọ̀ ní tiyín, ẹ mú ẹni méjì mẹ́ta dání, ẹ ó bá àwọn amọ̀nà ní géètì, ọmọ ilé ni wọ́n. Ẹ wá ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú.

Ọlọ́jà_Gbági
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ, mo ní bàtà òkìrìkà tí ìdí ẹ̀ le dáadáa, ti òyìnbó agunkè, kì í yọ̀.

Asíwájú_Ọ̀nà_Abẹ́òkúta
Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ibi ìpolówó rèé.

Káfíńtà_Àgbà
Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Nọ́ńbà 44 ńkọ́?

Ọlọ́jà_Gbági
Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan, sà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún.